Ẹ Jẹ́ Ká Rìn Yí Àdúgbò Wa Ká

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé sọ ní agbègbè Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́)

   Àwọn kan nínú yín ti ọjà dé, àwọn kan ti oko dé, àwọn kan ti orí omi dé. Ó ti rẹ̀ yín, síbẹ̀ ẹ wá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ kíláàsì yìí, ọ̀pọ̀ nínú yín ni kò lè dá orúkọ ara rẹ̀ mọ̀ bí a bá kọ ọ́ sójú pátákó. Lónìí, ẹ ń ka lẹ́tà fúnra yín. Ẹ ń kọ orúkọ oníbàárà sínú ìwé gbèsè. Nísinsìnyí ẹ wá ń bi wá pé, "Kí ló kù tí a ó máa kà? Kí ló kù tí a ó máa kọ?" Ìbéèrè dáadáa ni. Ọ̀rọ̀ wa ti òní ni ìdáhùn rẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣe kò le. A fẹ́ kí ẹ kó ara yín jọ, kí ẹ fi ẹsẹ̀ rìn yí àdúgbò yín ká. Kí ẹ má sáré. Kí ẹ máa dúró, kí ẹ máa wò, kí ẹ máa bèèrè. Ẹni tó mọ ìtàn ibì kan, kí ó dúró níbẹ̀, kí ó sọ ọ́ fún àwọn yòókù. Ẹni tó mọ̀wé kọ, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe ìjọba ni yóò darí ìrìn náà. Kì í ṣe àlejò ni yóò wá gba owó lọ́wọ́ yín kó tó mú yín rìn. Ẹ̀yin ará àdúgbò fúnra yín ni.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ibi tí wọ́n gbé bí mi sí, kí ni mo tún fẹ́ lọ wò níbẹ̀?" Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká bi yín ní ìbéèrè mẹ́ta péré. Kí ló dé tí a fi ń pe òpópónà yín ní orúkọ tó ń jẹ́? Níbo ni omi òjò ń gbà kọjá kí wọ́n tó kọ́lé síbẹ̀? Kànga wo ló pẹ́ jù ládùúgbò yín, ta ló sì gbẹ́ ẹ? Ẹni tó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun gan-an la fẹ́ kó ṣáájú wa. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, kí ó máa tẹ̀ lé wa bọ̀.

Àṣà yìí kì í ṣe tuntun láàárín wa. Báwo ni bàbá ṣe ń fi ààlà oko han ọmọ rẹ̀ láyé àtijọ́? Kò yà á sórí ìwé. Ó mú ọmọ náà lọ́wọ́, wọ́n jọ rìn yí oko ká. Bí wọ́n bá dé ìdí peregún, bàbá á dúró, á ní, "Wo peregún yìí. Bàbá mi ló gbìn ín. Ibi tí tiwa parí sí nìyí." Ọmọ náà kò ní gbàgbé mọ́, nítorí ojú rẹ̀ rí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ̀ ẹ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé a ti ń fi àṣà náà sílẹ̀. Mọ́tò àti ọ̀kadà ni a ń gùn kọjá báyìí. Àwọn tó kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ wa ti ọ̀nà jíjìn wá, wọn kò mọ̀ wá, àwa náà kò mọ̀ wọ́n. Àwọn àgbà tó mọ ìtàn sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ilẹ̀ òkèèrè pàápàá, àwọn ènìyàn ti rí i pé irú ìrìn yìí wúlò. Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Jane Jacobs. Ìlú New York ní Amẹ́ríkà ló ń gbé. Kò gba oyè kankan jáde ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú. Ó máa ń wo òpópónà tirẹ̀: ẹni tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, àwọn ọmọ tó ń ṣeré, àwọn ará àdúgbò tó ń ṣọ́ ọmọ ara wọn láti ojú fèrèsé. Ní ọdún 1961 ó kọ ìwé ńlá kan nípa ohun tó rí. Nígbà tí àwọn aláṣẹ fẹ́ la ọ̀nà mọ́tò ńlá kọjá láàárín àdúgbò náà, òun àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ dìde, wọn kò gbà. Ó kú ní ọdún 2006. Ní ọdún 2007, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìlú Toronto ní Kánádà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí àdúgbò ká ní ìrántí rẹ̀. Wọ́n pè é ní Jane's Walk, ìyẹn Ìrìn Jane. Ìparí ọ̀sẹ̀ kìíní nínú oṣù May ni wọ́n sábà máa ń ṣe é. Ọ̀fẹ́ ni. Ará àdúgbò ló ń darí rẹ̀. Ó ti tàn dé ọ̀pọ̀ ìlú láyé. Bí àwọn ará Toronto bá lè ṣe é, kí ni yóò dí àwa lọ́wọ́?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká fi ọkàn rìn ín wò báyìí, láì dìde lórí ìjókòó.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ní Ìkòròdú. Kí a tó gbé ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo orúkọ ìlú náà fúnra rẹ̀. Ìtàn àwọn àgbà ibẹ̀ sọ pé Oko Odù ló di Ìkòròdú. Odù ni ẹ̀fọ́ tí ẹ̀yin ìyá wa mọ̀ dáadáa, tí a fi ń se ọbẹ̀. Ìtàn náà ní àwọn tó ti Ṣágámù ní ilẹ̀ Rẹ́mọ wá ló dá oko síbẹ̀, àti pé àwọn ará Ìbíní náà wá dara pọ̀ mọ́ wọn. Ṣé ẹ rí i? Inú orúkọ kan ṣoṣo, a ti rí oko, a ti rí ọbẹ̀, a sì ti rí ọ̀nà tí àwọn baba ńlá gbà wá.

Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Bí a bá dé Ojúbodè, ẹ jẹ́ ká dúró. Kí ni bodè? Ẹnu-ọ̀nà ìlú ni, níbi tí àwọn oníbodè ń gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò láyé àtijọ́. Bí a bá dé Ìta Ẹlẹ́wà, ẹ jẹ́ ká bi àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ léèrè pé ta ni ẹlẹ́wà náà. Bí a bá dé Sábó, ẹ jẹ́ ká rántí pé ọ̀rọ̀ Haúsá ni. Ohun tuntun ló túmọ̀ sí. Àwọn àlejò wo ló kọ́kọ́ gbé ibẹ̀, wọ́n sì wá tà kí ni? Ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Kí ẹnìkan nínú wa tún bi àwọn àgbà nípa ogun ọdún 1865. Ní ọdún náà, àwọn ọmọ-ogun Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀nà òwò. Ní oṣù March, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọmọ-ogun wá láti Èkó, wọ́n sì lé wọn lọ. Ó wà nínú ìwé ìtàn. Ṣùgbọ́n ìwé ìtàn kò sọ ibi tí ìyá tiwa sá pamọ́ sí lọ́jọ́ náà. Bí ẹnì kan bá wà nínú ẹbí yín tó gbọ́ ọ, ẹ tètè bi í.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká tọ ojú àgbàrá. Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù nínú ìrìn wa nìyí. Ẹ jáde lẹ́yìn òjò ńlá, kí ẹ wo ibi tí omi ń gbà lọ sí ọ̀sà. Ibo ló ti ń yára? Ibo ló ti dúró? Gọ́tà wo ni pàǹtírí ti dí? Ilé wo ni wọ́n kọ́ sí ojú omi gan-an? Àwọn àgbà wa sọ pé, àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Báwo ni onílé yóò ṣe kọ̀ fún un bí kò bá mọ ọ̀nà tó ń gbà?

Ẹ rántí oṣù October ọdún 2010. Odò Ọ̀yán ń ṣàn lọ pàdé odò Ògùn, odò Ògùn sì ń ṣàn bọ̀ wá sínú ọ̀sà tiwa. Wọ́n sé Ọ̀yán mọ́ ní dáàmù kan ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Lọ́dún náà, òjò pọ̀, wọ́n ṣí omi dáàmù náà. Odò Ògùn kún àkúnya. Omi bo ilé ní Ajégúnlẹ̀ àti àwọn àdúgbò ìtòsí rẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Àwọn ènìyàn ń fi ọkọ̀ ojú omi wọ ilé ara wọn. Ọ̀pọ̀ ló kó ẹrù, tí wọ́n sì sá jáde.

A kò sọ pé ìrìn lásán lè dá omi dúró. Iṣẹ́ ìjọba wà níbẹ̀, iṣẹ́ àwọn onímọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ládùúgbò yín lónìí, ẹ̀ẹ̀rùn ló fi ń wá wò ó. Ilẹ̀ gbẹ, ilẹ̀ mọ́, inú rẹ̀ dùn, ó sanwó. Bàbá arúgbó kan jókòó nítòsí tó mọ̀ pé lójò, omi ń dé orúnkún níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi bàbá náà. Bí a bá ti rìn, tí a bi í, tí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé, "Láti ìdí igi báyìí dé ilé báyìí, ọ̀nà omi ni," ìwé pélébé yẹn lè gba ẹbí kan là.

Bákan náà ni kànga. Ẹ wo kànga tí ẹ ń mu, kí ẹ wo ibi tí ṣáláńgá wà. Àwọn onímọ̀ ìlera ní kí ó tó 30 mítà, ó kéré tán, láàárín ṣáláńgá àti kànga. Ẹ fi ìṣísẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ìṣísẹ̀ gígùn kan àgbàlagbà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan. Bí ẹ bá ka ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré, ẹ ti mọ̀ pé ewu wà níbẹ̀. Ẹ má bá onílé jà o. Ẹ sọ fún un ní pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì sọ fún àwọn wolé-wolé.

Ẹ jẹ́ ká wọ mọ́tò báyìí, ká gba ọ̀nà Ìtòíkín lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọ̀sà ló wà níwájú ìlú méjèèjì. Ní Ẹ̀pẹ́, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ní ọjà ẹja Olúwo, kí ọwọ́ àwọn ìyá tó dí. Ẹ wo epìyà, ẹ wo ọ̀bọ̀kún, ẹ wo àrọ̀, ẹ wo akàn. Ẹ bi àwọn ìyá léèrè pé oṣù wo ni ẹja wo ń pọ̀, kí ló sì fà á. Wọn yóò sọ fún yín nípa omi. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun ń gba ẹnu ọ̀nà Èkó wọlé, ọ̀sà Èkó á sì níyọ̀. Nígbà òjò, omi odò á pọ̀, iyọ̀ náà á lọ. Ẹja tó fẹ́ iyọ̀ ń bá iyọ̀ wá, ẹja tí kò fẹ́ ẹ ń sá fún un. Ìyá tó ń ta ẹja lè má tíì rí ìwé kà rí, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni ní ojú ibẹ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká kúrò létí omi, ká gòkè lọ sí Òkè-Balógun àti Òkè-Pòsù. Ẹ bèèrè: Balógun wo? Ta ni Pòsù? Ìbéèrè yìí yóò mú yín dé ọ̀dọ̀ Ọba Kòsọ́kọ́. Ní oṣù December ọdún 1851, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá sí Èkó, Kòsọ́kọ́ sì sá kúrò lórí oyè. Òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù September ọdún 1854, ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún 1862 ó padà sí Èkó, ibẹ̀ ló sì kú sí ní ọdún 1872. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ kò bá a padà. Wọ́n dúró. Àwọn ni a ń pè ní Èkó-Ẹ̀pẹ́ títí dòní, àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀ sì ni Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́. Ọdún Káyó-káyó tí àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ ń ṣe lẹ́yìn Iléyá, ìrántí bíbọ̀ wọn náà ni.

Ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa níbí. Bí ẹ bá bi àgbà kan ní Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́, tí ẹ sì bi àgbà kan ní Èkó-Ẹ̀pẹ́, ìtàn wọn lè má bára mu tán. Kí ni kí ẹ ṣe? Ẹ kọ méjèèjì. Ẹ kọ ọ́ pé, "Bàbá ti apá ìhín sọ báyìí, bàbá ti apá ọ̀hún sọ báyìí." Ẹ má fi ọgbọ́n tiyín tún un ṣe. Iṣẹ́ akọ̀wé ni kí ó kọ ohun tó gbọ́. Kì í ṣe kí ó dájọ́.

Bí ẹsẹ̀ wa bá ṣì lágbára, ẹ jẹ́ ká dé Erédò, ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ kan náà. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí yàrà ńlá tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́, Erédò Súngbọ́. Yàrà náà àti òkìtì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Gígùn rẹ̀ ju 160 kìlómítà lọ, ìyẹn jìnnà ju Èkó sí Ìbàdàn. Níbòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì tó 20 mítà, bí ilé alájà mẹ́fà. Ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ìtàn sọ pé obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tí kò bímọ, Bílíkísù Súngbọ́, ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí orúkọ rẹ̀ má baà parẹ́. Títí dòní, àwọn ènìyàn ń lọ kí sàréè rẹ̀ ní Òkè-Ẹ̀rí, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde.

Báwo ni ayé ṣe wá mọ̀ nípa rẹ̀? Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Patrick Darling fi ẹsẹ̀ tọ̀ ọ́ nínú igbó, ó ń wọ̀n ọ́n. Ní ọdún 1999 ni ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ kàn ká ayé. Ẹsẹ̀ ló fi ṣe é o! Ilẹ̀ náà wà níwájú wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ wa ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa kò dúró wò ó. Láti ọdún 1995 ni orúkọ rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ UNESCO, nínú àkójọ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí wọ́n kà sí ogún gbogbo ayé. Síbẹ̀, ọ̀nà mọ́tò ti gé e kọjá, ilé sì ń sún mọ́ ọn. Ẹni tí kò mọ̀ pé ohun iyebíye ni, kòtò lásán ni yóò pè é, yóò sì kó erùpẹ̀ dà sí i.

Ẹ̀yin ará, ọ̀nà tí a ó gbà ṣe ìrìn náà nìyí.

Èkíní, ẹ kọ́kọ́ lọ sọ fún Baálẹ̀ àti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò. Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀. Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ lónìí, bí àwọn ènìyàn bá rí ẹgbẹ́ kan tó ń rìn kiri pẹ̀lú ìwé àti kálámù, wọ́n á ní wọ́n wá gba ilẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé ìrìn yín kì í ṣe ìrìn pínpín ilẹ̀.

Èkejì, ẹ bèèrè ọjọ́ tó dára. Ọjọ́ orò, obìnrin kì í jáde. Ẹ má fi ìrìn yín sí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má wọ igbó tí wọ́n ní kí ẹ má wọ̀. Ẹ má ya fọ́tò ohun tí wọ́n ní kí ẹ má yà.

Ẹ̀kẹta, ẹ má pọ̀ jù. Ènìyàn 15 sí 20 ti tó, kí gbogbo yín lè máa gbọ́ ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Wákàtí méjì ti tó. Ẹ lọ ní kùtùkùtù kí oòrùn tó mú. Ẹ gbé omi dání. Ẹsẹ̀ àgbà ni kí ẹ tẹ̀ lé, ẹ má tẹ̀ lé ti ọ̀dọ́. Kí ẹnìkan máa ṣọ́ mọ́tò, ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Ẹ̀kẹrin, ẹ mú ọmọdé mọ́ra, kí ẹ sì pe àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé. Àlejò lè rí ohun tí ojú onílé ti mọ́ra jù láti rí.

Ẹ̀karùn-ún, bí ẹ bá délé, ẹ ka ohun tí ẹ kọ fún ẹni tó sọ ọ́. Bí ó bá ní, "Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo wí," ẹ tún un kọ. Lẹ́yìn náà, ẹ dà á kọ sínú ìwé ńlá kan tí kíláàsì yóò máa tọ́jú. Ohun tó bá jẹ́ ti gọ́tà àti kànga, ẹ kọ lẹ́tà nípa rẹ̀ sí káńsù, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i. Tẹ́lẹ̀, àǹtẹ̀ ìka ni ẹ̀ ń tẹ̀. Ní báyìí, orúkọ yín ni ẹ ó kọ.

Ṣé ẹ ti wá rí ìdáhùn sí ìbéèrè yín? Ẹ̀ ń bèèrè ohun tí ẹ ó máa kọ. Àwọn ọmọ tó lọ sí ilé-ìwé gíga mọ̀wé jù yín lọ, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ọ̀nà omi. Àwọn àgbà wa mọ ọ̀nà omi, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀wé. Ẹ̀yin ni ẹ wà láàárín. Ẹ gbọ́ èdè àwọn àgbà, ẹ sì ti mọ kálámù dì mú. Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tó sọ ọ́, tí kò sì sí ẹni tó kọ ọ́, kò ní bá ọ̀kankan.

Ẹ má dúró de ọjọ́ ńlá. Ní Sátidé tó ń bọ̀, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wá pẹ̀lú kálámù kan, ìwé kékeré kan, àti ìbéèrè kan. Kí ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé mú un wá bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbé e. Bí kò bá lè rìn, a ó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, òun ni yóò sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

 Ó di Sátidé o.